Ẹ Fi Owo Fun Agba: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Fọ́ǹtì àti Àwòrán Nínú Àká Ojú Ẹ̀rọ

  Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn kan nínú yín bi wá léèrè pé kí ló dé tí ojú ẹ̀rọ tí àwa ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe fún tábìlì ẹgbẹ́ fi gba odidi ọdún méjì kí ó tó lè kọ gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo bí ó ti tọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní bóyá owó ẹgbẹ́ ni a ń jẹ. Ìbéèrè yẹn kò bí wa nínú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ tán nínú ìpàdé tí àkàrà àti ẹ̀kọ ti ń dúró de àwọn ènìyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí a fi mú kálámù.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò rántí Ọjọ́ Àṣà ọdún 2022. A gbé ojú ẹ̀rọ kékeré kan sórí tábìlì wa, a fẹ́ kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan: Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tí ó kọ ni: E fi owo fun agba. Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n sì na ọwọ́ sí wa: “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mélòó ni ẹ mú wá?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ojú wá ń tì wá. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà, ọwọ́ tí a fi ń jẹun, owó tí a ń ná, òwò tí a ń ṣe, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, títí kan ìlú Ọ̀wọ̀, gbogbo wọn ni ó di ọ̀kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ wa.

Bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni a wà, a lè fi í ṣe ẹ̀rín kí a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n òkè Ọya ni a wà. Púpọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ni a bí síhìn-ín. Wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó nínú kíláàsì Yorùbá rí. Tábìlì wa àti ìwé ìròyìn yìí ni ibi tí wọ́n ti ń rí èdè náà ní kíkọ. Bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ni wọn yóò ṣe mú un lọ sílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ kò mọ̀wé. Kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ojú iná kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀, tí a tò ní ìlà-ìlà bí ebè iṣu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yálà kí ó tàn tàbí kí ó má tàn. Bí a bá fẹ́ kí ó kọ lẹ́tà kan, àwa ni a ó sọ èyí tí yóò tàn àti èyí tí yóò ṣókùnkùn. Lẹ́tà kan, àwòrán kékeré kan. Kí a má baà máa ya àwòrán yìí ní gbogbo ìgbà, a máa ń ya gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó tò wọ́n tẹ̀léra, a ó sì kó wọn pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì. Àkójọ yìí ni à ń pè ní fọ́ǹtì. Ojú iná 8 ni ó ń wọ inú báìtì 1: èyí tí ó tàn jẹ́ 1, èyí tí kò tàn jẹ́ 0. Nítorí náà, bí a bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe fẹ̀ tó àti bí ó ṣe ga tó, a ti mọ àyè tí yóò gbà. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìṣirò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ojú ẹ̀rọ ti ọdún 2022 yẹn jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, ìlà méjì, lẹ́tà 16 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lára inverter. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń lo HD44780 tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ti Japan ṣe, tàbí èyí tí a fi ṣe àfarawé rẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ ni a ti kọ fọ́ǹtì rẹ̀ mọ́ ọn nínú, kò sì ṣeé pa rẹ́. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, nínú púpọ̀ wọn lẹ́tà àwọn ará Japan náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní lẹ́tà tirẹ̀ kò ju báìtì 64 lọ. Lẹ́tà kan ń gba báìtì 8. Ẹ pín in wò: lẹ́tà 8 péré ni ènìyàn lè yà fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn “Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún àgbà” nílò mẹ́rin, ìyẹn Ẹ, ọ̀, ú àti à. Ó ráyè. Ṣùgbọ́n a tún fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ náà kí àlejò pé “Ẹ káàbọ̀ sí ibùjókòó ẹgbẹ́ wa.” Ẹ bá wa kà á: Ẹ, á, à, ọ̀, í, ù, ó, ò, ẹ, ẹ́. Ó di mẹ́wàá. Àpèrè mẹ́jọ, àlejò mẹ́wàá. Ọgbọ́n tí a dá ni pé bí a bá ti kọ apá kìíní tán, kí a lo àyè á láti fi ya ẹ́. A kò mọ̀ pé ojú ẹ̀rọ yìí kì í ya lẹ́tà kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Ó ń padà lọ wo àká náà lemọ́lemọ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a ti yí àyè náà padà báyìí, “káàbọ̀” tí ó ti wà lójú rẹ̀ di “kẹ́àbọ̀” níṣojú wa kòrókòró. Yàtọ̀ sí èyí, àyè lẹ́tà kan kò ga ju ojú iná 8 lọ. Lẹ́tà kékeré lè fún ara rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, kí àmì ohùn wà lókè kí àmì abẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá kò ráyè mí rárá. Ní aago méjì òru a yọ gbogbo àmì kúrò, a lọ sùn. Kí a má parọ́, a lè fi àmì sí gbólóhùn ọ̀wọ̀ nìkan kí a sì fi ìkíni sílẹ̀. Àárẹ̀ kò jẹ́ kí a rò ó dé ibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, a ra ojú ẹ̀rọ aláwòrán kan, irú èyí tí SSD1306 ń darí. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ojú iná 128, gíga rẹ̀ jẹ́ 64. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,192, èyí tí í ṣe báìtì 1,024. Kò bá fọ́ǹtì kankan wá láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lẹ́tà, kí ó gbé tirẹ̀ dání. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Fọ́ǹtì tí gbogbo ayé ń lò fún irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ ní 5 tí ó sì ga ní 7. Lẹ́tà àti àmì 95 tí ó wà lórí bọ́tìnnì Gẹ̀ẹ́sì kò gbà ju báìtì 475 lọ nínú rẹ̀. Ó pọ́n wa lójú, ṣùgbọ́n ilé yẹn kò ní àjà fún àmì ohùn, kò sì ní yàrá ìsàlẹ̀ fún àmì abẹ́. Lẹ́tà Yorùbá ń fẹ́ ilé gíga. A wá yan èyí tí ó fẹ̀ ní 8 tí ó ga ní 16. Lẹ́tà kan di báìtì 16, ojú ẹ̀rọ sì gba ìlà 4, lẹ́tà 16 lórí ìlà kan. Àwọn tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rí ìlà 8 lórí ojú ẹ̀rọ kan náà. Ohun tí èdè wa gbà nìyẹn, a san án.

Kí a tó fi lẹ́tà Yorùbá kún un, a kọ́kọ́ dán lẹ́tà 95 ti Gẹ̀ẹ́sì wò. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Kò tàn, kò ṣàìsàn, kò sọ̀rọ̀. A tú wáyà, a tún un so. A pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ fún òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá ohun tí kò sọnù, nítorí pé wáyà kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ kékeré tí ó ń darí ojú ẹ̀rọ wa ni ATmega328P, èyí tí ó wà lórí Arduino Uno. Irú àká méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni flash, tí ó gba báìtì 32,768. Èyí dà bí ilé ìkẹ́rùsí ìyá olójà: ó gbòòrò, ẹrù inú rẹ̀ kì í sọnù bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń nájà. Èkejì ni RAM, tí kò gbà ju báìtì 2,048 lọ. Èyí ni pẹpẹ ìsọ̀, ibi tí ọwọ́ ti ń yá. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ dòfo. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, bí ènìyàn kò bá fi ọ̀rọ̀ PROGMEM sọ fún púrógíráàmù pé kí ó fi fọ́ǹtì sílẹ̀ sínú ilé ìkẹ́rùsí, nígbà tí iná bá dé yóò kó gbogbo fọ́ǹtì náà jáde sórí pẹpẹ, bí a kò tilẹ̀ ní fi ọwọ́ kan ju lẹ́tà mẹ́ta lọ. Fọ́ǹtì wa jẹ́ 95 lọ́nà 16, báìtì 1,520. Àkójọ púrógíráàmù tí a ń lò tún fẹ́ báìtì 1,024 lórí pẹpẹ kan náà láti fi ya ojú ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó tó gbé e jáde. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,544. Pẹpẹ gba 2,048. Ìgbà tí púrógíráàmù ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ 1,024 yìí, wọn kò fún un, ó sì dákẹ́. Láptọ́ọ̀pù ti kìlọ̀ fún wa ní lẹ́tà pupa pé mẹ́mọ́rì kù díẹ̀. A rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, PROGMEM, àti ọ̀nà mìíràn láti máa bu lẹ́tà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ilé ìkẹ́rùsí, ni ó tan iná náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá kan lẹ́tà tiwa. A ní fáwẹ̀lì 7, a ní ohùn mẹ́ta, ohùn àárín kò sì ń gba àmì. A, e, i, o àti u ti wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ 10. Ẹ àti ọ, ohùn mẹ́ta-mẹ́ta, jẹ́ 6. Ṣ jẹ́ 1. N àti m tí ó ń gba ohùn jẹ́ 4. Ó di 21. Ìlọ́po rẹ̀ fún lẹ́tà ńlá, 42. Bí a bá ya gbogbo wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, báìtì 672 ni, fọ́ǹtì á sì jẹ́ lẹ́tà 137, báìtì 2,192. Ẹ wò ó, ó ti ju gbogbo RAM lọ ní òun nìkan, ṣùgbọ́n nínú flash kò jẹ́ nǹkan kan.

Síbẹ̀ a kò ya 42. Kì í ṣe nítorí àyè, nítorí ọwọ́ wa ni. Bí a bá tún ìdí ọ ṣe kí ó lè rí rogodo, ọ̀, ọ́, Ọ̀ àti Ọ́ náà yóò fẹ́ àtúnṣe, ẹnì kan á sì gbàgbé ọ̀kan. Dípò bẹ́ẹ̀, a ya àmì nìkan: àmì òkè fún lẹ́tà kékeré, àmì òkè fún lẹ́tà ńlá nítorí pé ti lẹ́tà ńlá gbọ́dọ̀ ga sí i, àmì ìsàlẹ̀ méjì bákan náà, àti àmì abẹ́ kan ṣoṣo. Márùn-ún nìyẹn. Ẹ̀kẹfà ni ó gba ìrònú. Nígbà tí a kọ í, ojú ẹ̀rọ gbé ohun tí ó dà bí i tí ó dé fìlà lé gèlè jáde, nítorí pé i ti ní àmì tirẹ̀ lórí tẹ́lẹ̀. A ní láti ya i tí kò ní orí. Àwọn mẹ́fà yìí jẹ́ báìtì 96. Bí a bá fẹ́ ọ̀, a ó bu o wá, a ó bu àmì abẹ́ lé e, a ó bu àmì ìsàlẹ̀ lé e, ojú iná tí ó bá tàn nínú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tàn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ lórí ìwé náà nìyẹn, lẹ́tà ná, lẹ́yìn náà àmì.

Ibi tí ó tún dá wa dúró ni pé gbólóhùn tí a ń tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù kì í dé bí a ṣe rò. Ojú wa rí ipò 17 nínú “Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún àgbà”, bí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. Báìtì tí ó rin ìrìn-àjò jẹ́ 30. Ní ọ̀nà ìkọ̀wé tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ń lò káàkiri ayé lónìí, f jẹ́ báìtì 1, à jẹ́ 2, Ẹ jẹ́ 3. Ọ̀ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ rárá, nítorí náà ọ gba 3, àmì ohùn tí ó tẹ̀lé e gba 2, ó di 5. Púrógíráàmù tí ó bá ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan yóò bu ẹ̀gbin sójú ẹ̀rọ. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tẹ ọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù mẹ́ta, ó sì dé ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ pẹ̀lú àmì ohùn, o, àmì abẹ́, àmì ohùn, ò pẹ̀lú àmì abẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀kẹrin tilẹ̀ fi igi kékeré sí abẹ́ o dípò tótó, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti ń ṣe. A kọ púrógíráàmù kan sórí láptọ́ọ̀pù tí ó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀nà kan kí wọ́n tó gba inú wáyà kọjá. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, kì í ṣe lórí pẹpẹ báìtì 2,048.

Ojú ẹ̀rọ yẹn kọ Yorùbá dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ènìyàn ní láti tẹ̀ ba, bí ẹni tí ó ń yọjú wo inú kànga, kí ó tó lè kà á. Bàbá Ìsàlẹ̀ kò lè tẹ̀ ba bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi dáwó jọ fún èyí tí ó tóbi tí ó sì ní àwọ̀, ojú iná 320 ní ìbú, 240 ní gíga. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àká ti wá di ọ̀rọ̀ gidi.

Ojú iná tí ó ní àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ó tàn tàbí kí ó má tàn. Ó ń fẹ́ báìtì 2: bíìtì 5 fún pupa, 6 fún àwọ̀ ewé, 5 fún búlúù. Àwọ̀ ewé gba ọ̀kan lé nítorí pé ojú ènìyàn mọ ìyàtọ̀ inú rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwòrán kan tí ó bo gbogbo ojú ẹ̀rọ jẹ́ 320 lọ́nà 240 lọ́nà 2, báìtì 153,600. Gbogbo flash inú ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ wa jẹ́ 32,768. Àwòrán kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ fẹ́: àmì ẹgbẹ́, ìlù dùndún, àdìrẹ, Olúmọ, àti àwọn yòókù. A so flash òmíràn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí ó gba báìtì 4,194,304. RAM kò lè gba àwòrán kan wọlé, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ìlà kan jẹ́ báìtì 640; a ó bu ìlà kan, a ó dà á sójú ẹ̀rọ, a ó tún bu òmíràn.

Flash kì í ṣe ìwé tí a fi pẹ́ńsù kọ, tí a lè fi rọ́bà pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lára rẹ̀. Wàláà ni. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú mọ ohun tí a ń sọ. Ènìyàn lè kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, odidi wàláà ni yóò fọ̀. Nínú flash tiwa, wàláà kan jẹ́ báìtì 4,096, wàláà 1,024 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fọ ọ̀kan, gbogbo bíìtì inú rẹ̀ yóò di 1. Kíkọ lè sọ 1 di 0, ṣùgbọ́n kò lè sọ 0 padà di 1; fífọ̀ nìkan ni ó lè ṣe é. Àwọn kan ń fi í dẹ́rù bani pé flash máa ń gbó, pé nǹkan bí ìgbà 100,000 ni a lè fọ wàláà kan. Bí a bá fọ̀ ọ́ nígbà 10 lójúmọ́, ọdún 27 ni yóò gbà. Gbogbo wa á ti gba ìwé ẹ̀rí jáde.

Nínú wàláà 1,024 yìí, a kò mọ ẹni tí ó wà níbo bí kò bá sí ìwé orúkọ. Wàláà àkọ́kọ́ ni a fi ṣe é: nọ́ńbà fáìlì, wàláà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, iye báìtì rẹ̀. Fọ́ǹtì ńlá tí a yà fún ojú ẹ̀rọ yìí fẹ̀ ní 16, ó ga ní 24, báìtì 48 fún lẹ́tà kan. Àwọn 95 àti àwọn 6 tiwa jẹ́ báìtì 4,848. Ó fi díẹ̀ ju wàláà kan lọ, nítorí náà ó gba méjì, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwòrán kan gba wàláà 38.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí Ọjọ́ Àṣà ọdún 2023 ṣe di èyí tí tábìlì wa kò ní ojú ẹ̀rọ rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹnì kan ní kí a fi àwòrán tuntun rọ́pò ti àtijọ́. A fọ gbogbo flash náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fọ́ǹtì, ìwé orúkọ, àwòrán, gbogbo rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tuntun ránṣẹ́. Wáyà wa ń gbé bíìtì 9,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí pé báìtì kan ń ná bíìtì 10 lójú ọ̀nà, báìtì 960 ni ó ń dé. Àwòrán kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 160. Mẹ́wàá gba ìṣẹ́jú 26 ó lé díẹ̀. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kẹfà, NEPA mú iná lọ. (Orúkọ NEPA ti kúrò lóde láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ ẹni tí a ń bá wí.) Láptọ́ọ̀pù tí a yá kò ní bátìrì tí ó ń ṣiṣẹ́. Iná kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí a ti ń ká tábìlì. Ohun tí ó wà nínú flash nígbà náà ni àwòrán márùn-ún, ìdajì ìlù dùndún, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Kì í ṣe NEPA ni ó jẹ̀bi. Àwa ni a wó ilé àtijọ́ kí a tó kọ́ tuntun. Nísinsìnyí, bí a bá fẹ́ pààrọ̀ fáìlì kan, a kì í fọwọ́ kan ti àtijọ́. A ó kọ tuntun sí àyè tí ó ṣófo. A ó ro gbogbo báìtì rẹ̀ pọ̀, a ó fi wé àròpọ̀ tí láptọ́ọ̀pù fi ránṣẹ́. Bí ó bá bára mu, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé orúkọ, a ó sì tẹ òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ yìí jẹ́ báìtì kan tí a fi sílẹ̀ ní gbogbo 1 tẹ́lẹ̀, tí a wá sọ di 0. Ẹ rántí pé kò gba fífọ̀ kí 1 tó di 0, nítorí náà ìṣẹ́jú bín-ín-tín ni. Orúkọ tí kò bá ní òǹtẹ̀, púrógíráàmù kò ní kà á sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó tó tẹ òǹtẹ̀ kejì sí orúkọ àtijọ́, láti fi hàn pé ó ti kú. Bí iná bá lọ níbikíbi láàárín iṣẹ́ yìí, yálà ti àtijọ́ ṣì wà tàbí tuntun ti jókòó. Nígbà tí ìwé orúkọ bá kún, a ní wàláà kejì fún ẹ̀dà rẹ̀, a ó da àwọn alààyè kọ síbẹ̀ kí a tó fọ ti àkọ́kọ́.

Ihò náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí àwòrán wàláà 38 bá kúrò tí ti 30 sì bọ́ sí àyè rẹ̀, 8 ṣẹ́kù tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí irú rẹ̀ bá di mẹ́wàá, àyè 80 ni ó ṣófo, síbẹ̀ àwòrán kan kò ráyè wọ̀. Àwọn kan máa ń tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa kò fẹ́ àtòtúntò nínú ilé tí iná ti ń lọ. A pín àká sí yàrá 26, wàláà 38 ní yàrá kọ̀ọ̀kan, yálà àwòrán kún un tàbí kò kún un, a sì pinnu pé a kò ní lò ju 25 lọ, kí yàrá àlejò kan máa wà. Ó fi àyè ṣòfò, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn. Fọ́ǹtì náà ní yàrá méjì tirẹ̀ lọ́tọ̀. A tún gbé ìyára wáyà sókè sí 115,200, àwòrán kan wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 13.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí àwòrán fúnra rẹ̀. Fáìlì BMP kì í ṣe àwòrán pọ́nńbélé. Báìtì 54 ni ó sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ tí ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀, ojú iná kan ń gba báìtì 3 nínú èyí tí ó wọ́pọ̀, ó sì máa ń to ìlà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. A kò mọ̀. Àmì ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ jáde ní dídorí kodò, pẹ̀lú àwọ̀ tí ó dà bí ìyàwó tí òjò pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àti ìyípo rẹ̀ àti àtúnṣe àwọ̀ rẹ̀, láptọ́ọ̀pù ni a fi ń ṣe wọ́n nísinsìnyí kí ó tó wọ inú wáyà.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ tẹ gbólóhùn Yorùbá náà lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sọ ọ́ di àwòrán, kí ẹ fi ránṣẹ́. Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe, fún gbólóhùn kan tí a kò ní yí padà láé, a kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn báìtì 30 yóò di báìtì 153,600, ìlọ́po 5,120. Bí àlejò bá dé tí a fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ kí i, ta ni yóò máa ya àwòrán orúkọ? Ohun tí a sì fẹ́ gan-an ni kí ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sídìí tábìlì kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀, kí ó sì rí i pẹ̀lú àmì.

Ìyẹn ni ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́ Àṣà ọdún 2024. Bàbá Ìsàlẹ̀ dé, wọ́n ka “Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún àgbà” sókè, wọ́n wò wá, wọ́n ní, “Ẹ ti gba owó yẹn padà lọ́wọ́ mi nìyẹn.” Ọmọbìnrin ọdún kìíní kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin kí ó tó mọ ibi tí àmì ń lọ, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti béèrè. NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí iná dé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí ó kù ni fọ́ǹtì tí ó ga ní 32, kí àwọn tí ó dúró lókèèrè lè kà á. A ti ya lẹ́tà kékeré tán. Lẹ́tà ńlá kò tíì dára. Ẹ̀ àti Ọ̀ ṣì dà bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ó sì gun àpótí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ lẹ́tà yà, kì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀ka wa tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó bá wa ní yàrá ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́rú, kí ó mú ìwé onílà kéékèèké tí a fi ń ṣe ìṣirò dání.